Jíjí kánáàlì tí wọ́n ti pa tì dìde: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa ará ìwọ̀-oòrùn Kogi

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Bí ọ̀rọ̀ bá ti délẹ̀ pé àwọn òyìnbó ń hú ẹrẹ̀ kúrò nínú kánáàlì tí àwọn bàbá ńlá wọn gbẹ́, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe é láìgba kọ́bọ̀, ìbéèrè máa ń pọ̀. Kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀? Ta ló ń sanwó? Èwo ló kàn wá ní Yàgbà, Ìjùmú, Owé, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀? Mo gbìyànjú láti dáhùn wọn níbí. Ọ̀rọ̀ náà jẹ mí lógún nítorí dáàmù Kampe àti àwọn ojú omi tó yẹ kó máa bomi rin oko wa lẹ́ẹ̀rùn.

Kí ni kánáàlì, kí ló fi yàtọ̀ sí odò?

Ọlọ́run ló dá odò, ọmọ ènìyàn ló gbẹ́ kánáàlì. Odò ń gba ibi tó bá wù ú, ó ń kún lójò, ó ń fà lẹ́ẹ̀rùn. Ti kánáàlì, wọ́n ti fi okùn wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó ki ọkọ́ bọ ilẹ̀, ẹnì kan ló sì ń pinnu iye omi tó ń wọ inú rẹ̀. Oríṣi méjì ni mo máa sọ̀rọ̀ lé lórí: èyí tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà kó ẹrù, àti èyí tó ń gbé omi lọ sí oko. Ti ọkọ̀ ni àwọn òyìnbó ń jí dìde. Ti oko ni tiwa.

Bí ó bá wúlò tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi pa á tì?

Ó wúlò gan-an nígbà tirẹ̀. Lọ́dún 1761, Duke of Bridgewater ṣí kánáàlì kan tó ń gbé èédú láti ibi ìwakùsà rẹ̀ ní Worsley lọ sí ìlú Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹṣin ló ń ru èédú náà lórí ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí kánáàlì dé, ẹṣin kan ṣoṣo tó ń rìn létí omi lè fa ọkọ̀ tó kó nǹkan bí 25 tọ́ọ̀nù, owó èédú ní Manchester sì já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì. Báyìí ni gbogbo olówó ìgbà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ tiwọn.

Rélùwéè ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè mìíràn tiẹ̀ ra kánáàlì tó ń bá wọn du oníbàárà, wọ́n sì jẹ́ kó máa bàjẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ̀ akẹ́rù tún dé. Ìjọba gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn lọ́dún 1948. Nígbà òtútù ọdún 1962 sí 1963, omi dì gbagidi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ ò lè kúrò lójú kan. Àwọn oníbàárà tó ṣẹ́ kù gbé ẹrù wọn sórí ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀pọ̀ wọn ò sì padà wá mọ́.

Mo gbọ́ pé ọkọ̀ ń gun òkè lórí omi. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, kò sì ní oògùn nínú. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ga sókè, wọ́n máa ń fi òkúta tàbí bíríkì mọ ìyẹ̀wù omi kan tó gba ọkọ̀, ilẹ̀kùn níwájú, ilẹ̀kùn lẹ́yìn. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ á wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Wọ́n á wá ṣí fèrèsé kékeré kan lára ilẹ̀kùn iwájú, omi òkè á máa ya wọlé, ọkọ̀ á máa léfòó bọ̀ wá sókè pẹ̀lú rẹ̀. Bí omi inú àti omi ìta bá ti dọ́gba, ènìyàn kan á fẹ̀yìn ti igi gígùn tó wà lórí ilẹ̀kùn náà, yóò sì ṣí. Kí wọ́n tó dọ́gba, ogún géńdé ò lè ṣí i, torí omi ló tì í mọ́bẹ̀. Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí iná mànàmáná.

Ní Caen Hill nítòsí ìlú Devizes nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú ìyẹ̀wù bẹ́ẹ̀ 29 ló tò tẹ̀ lé ara wọn. Kánáàlì Kennet and Avon ni wọ́n wà, èyí tó gùn tó máìlì 87 láti Reading dé Bristol. Nígbà tí wọ́n pa á tì, àwọn ilẹ̀kùn jẹrà, igbó hù nínú ìyẹ̀wù. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn ará ibẹ̀ fi ṣe àtúnṣe rẹ̀ kí Ọbabìnrin Elizabeth tó wá ṣí i padà ní oṣù kẹjọ ọdún 1990.

Ẹ fi í sọ́kàn pé gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá kọjá, omi òkè dínkù nìyẹn, torí náà kánáàlì tí kò ní adágún tàbí odò tó ń fún un lómi ò lè ṣiṣẹ́.

Ta ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n jí wọn dìde? Ṣé ìjọba ni?

Rárá o. Ìjọba àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ dí púpọ̀ nínú wọn pa ni. Lọ́dún 1946 ni àwọn èèyàn díẹ̀ kóra jọ dá ẹgbẹ́ Inland Waterways Association sílẹ̀, Robert Aickman àti Tom Rolt wà lára wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn kí gbogbo ọmọ wa mọ̀. Kánáàlì kan wà tó lọ sí ìlú Stratford-upon-Avon. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ gùn tó máìlì 13, koríko àti ẹrẹ̀ ti dí i. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ fẹ́ wó afárá kan tó gba orí rẹ̀ kọjá, kí wọ́n má baà náwó tún un ṣe. Òfin gbà wọ́n láàyè láti dí kánáàlì náà pa bí ẹnikẹ́ni ò bá lò ó fún ọdún mẹ́ta. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lò ó. Ni àwọn kan bá mú tíkẹ́ẹ̀tì jáde, ìwé ẹ̀rí pé àwọn san owó ojú omi, àwọn sì wa ọkọ̀ kékeré kọjá níbẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta náà. Ẹjọ́ parí síbẹ̀. Owó ńlá kọ́ ló gbà á là, ọkọ̀ ńlá kọ́, bébà pélébé tó fi hàn pé ẹnì kan ṣì ń lo omi náà ni.

Àjọ National Trust, tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba kánáàlì náà. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ David Hutchings ló darí iṣẹ́, àwọn tó sì bá a ṣe é jẹ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, àwọn ọmọ ogun, àti àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Lọ́dún 1964, ọkọ̀ padà sórí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ti rí i pé ó ṣeé ṣe.

Ibo ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí a kàn pe katakata ni?

Katakata kọ́ ló ń ṣáájú. Ìbéèrè mẹ́ta ló ń ṣáájú: omi wo ló máa wọ inú rẹ̀, ta ló ni ilẹ̀ tó gbà kọjá, ta ló máa tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá parí. Ẹni tó bá fò wọ́n kọjá yóò náwó nínú ẹrẹ̀.

Ti ilẹ̀ ló máa ń le jù. Kánáàlì Wey and Arun ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1871 ni wọ́n pa á tì, wọ́n sì tà á ní wẹ́wẹ́ fún àwọn onílẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn kọ́lé sí i, ẹlòmíràn fi dáko. Láti ọdún 1970 ni ẹgbẹ́ kan ti ń ṣe é, wọ́n ń bẹ onílẹ̀ kan, wọ́n ń bẹ èkejì, títí di òní wọn ò tíì dé òpin rẹ̀. Nítorí náà, ojú ọ̀nà tí omi ń gbà, bí kò tiẹ̀ sí omi níbẹ̀ mọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i. Ilé tí a kò jẹ́ kí wọ́n kọ́ kò ná wa ní nǹkan kan. Èyí tí wọ́n bá ti kọ́, ẹjọ́ ọdún gbọọrọ ni.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ ilẹ̀ rẹ̀ tí omi kò fi jò lọ, nígbà tí kò sí sìmẹ́ńtì bíi ti òde òní?

Amọ̀ ni o. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń ṣàlàyé èyí, torí àwọn àgbà wa tó mọ ilé alámọ̀ á mọ̀ ọ́n kí n tó sọ ọ́ tán. Amọ̀ líle ni wọ́n ń wá, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á bomi sí i, wọ́n á po iyanrìn díẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á wá máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí tí kò fi ní ní ihò kankan nínú. Níbòmíràn, màlúù ni wọ́n ń dà kọjá lórí rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Wọ́n á tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ kòtò náà, ó lè nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ìtàn tó gbajúmọ̀ nípa James Brindley, ẹni tó ṣe iṣẹ́ kánáàlì Bridgewater, ni pé ó gbé amọ̀ lọ síwájú àwọn aṣòfin, ó pò ó lójú wọn, ó mọ ọ́n bí ọpọ́n, ó da omi sí i, omi náà ò sì jò.

Ṣùgbọ́n amọ̀ yìí ò gbọdọ̀ gbẹ. Bí omi bá fà tán nínú kánáàlì, amọ̀ á sán bí ojú ilẹ̀ nígbà ọyẹ́, gbòǹgbò igi á wọ ojú ibi tó sán, eku á gbẹ́ ihò sí i. Ọjọ́ tí ẹ bá tún dá omi sí i, gbogbo rẹ̀ á jò. Ìdí nìyí tí kánáàlì tí wọ́n fi sílẹ̀ lófìfo fún ogún ọdún fi ń ná wọn lówó ju èyí tí omi díẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ lọ.

Owó rẹ̀ ńkọ́?

Ó ṣẹ̀ka sí méjì. Àwọn kan fi agbára ìlú ṣe é ní kékeré. Láti ọdún 1970 ni Waterway Recovery Group ti ń kó àwọn olùyọ̀ǹda jọ láti oríṣiríṣi ìlú: olùkọ́, akọ̀wé, ọmọ iléèwé, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n á sùn nínú gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n á mọ bíríkì, wọ́n á gé igi, wọ́n á kó ẹrẹ̀. Bí a bá ń pe àwọn èèyàn sí ọ̀wẹ̀ lóko àna, tí a ń se oúnjẹ dè wọ́n, iṣẹ́ tiwọn jọ ọ́ gan-an.

Ẹ̀ka kejì ni èyí tí owó ńlá wọ̀. Kánáàlì Forth and Clyde ní Scotland ti wà láti ọdún 1790. Wọ́n tì í lọ́dún 1963, wọ́n la títì ọkọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n ti dí ibi tó so pọ̀ mọ́ kánáàlì Union, níbi tí ìyẹ̀wù omi 11 wà. Láti ṣí méjèèjì padà, owó tó wọ̀ ọ́ tó pọ́n-ùn mílíọ̀nù 84.5. Owó tẹ́tẹ́ ìjọba tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ìlú wà nínú rẹ̀. Dípò ìyẹ̀wù 11 yẹn, wọ́n kọ́ àgbá ńlá kan tó ń yí, Falkirk Wheel, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2002. Apá méjì ló ní, omi àti ọkọ̀ wà ní apá kọ̀ọ̀kan, ìwúwo wọn dọ́gba, nítorí náà iná tó ń yí i kéré. Ó ń gbé ọkọ̀ sókè ní mítà 24. Àwọn tó ń lọ wò ó lásán pọ̀ ju àwọn tó ní ọkọ̀ lọ, àwọn tó ń ta oúnjẹ níbẹ̀ sì ń jèrè.

Kí ni ará ìlú ń rí gbà nínú rẹ̀?

Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ẹṣin ń gbà tẹ́lẹ̀ di ibi tí àgbà ń rìn, tí ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́. Àwọn apẹja san owó ìdíje. Ilé tó dojú kọ omi dọ̀wọ́n. Ní Utrecht, nílẹ̀ Netherlands, àwọn aláṣẹ fa omi kánáàlì àárín ìlú gbẹ láwọn ọdún 1970, wọ́n sọ ọ́ di títì ọkọ̀. Àwọn ará ìlú dìbò, wọ́n ní kí omi àwọn padà wá, ó sì padà wá lọ́dún 2020.

Ṣé kò ń pa ẹranko àti ewéko tó ti ń gbé ibẹ̀ lára?

Ó lè pa wọ́n lára. Etí kánáàlì Montgomery, tó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ya lọ́dún 1936, òfin ọdún 1944 sì pa á tì. Láàárín ìgbà tí ọkọ̀ kò lọ síbẹ̀, àwọn ewéko omi tó ṣọ̀wọ́n ní Europe rí ibẹ̀ gbé. Àwọn tó ń tún un ṣe báyìí ní láti gbẹ́ adágún kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ewéko náà, kí ọkọ̀ tó kọjá.

Àwa ò ní kánáàlì ọkọ̀. Kí ló kàn wá?

Òótọ́ ni. Odò Ọya àti Bẹ́núè pàdé ní Lọ́kọ́ja, ọkọ̀ ojú omi sì ti ń ná ibẹ̀ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ kòtò kankan. Ohun tí a ní ni odò Kampe, tó ń ṣàn lọ bá odò Ọya, àti dáàmù tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ sórí rẹ̀ ní Omi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Yàgbà Ìwọ̀-Oòrùn. Kí omi lè dé oko lẹ́ẹ̀rùn wà lára ìdí tí wọ́n fi kọ́ ọ. Dáàmù láìsí kánáàlì tó mọ́, ìkòkò omi tí kò ní ife ni: omi wà, kò dé ẹnu ẹnikẹ́ni.

Ojú omi oko ń kú ní ọ̀nà kan náà tí ti ọkọ̀ ń gbà kú. Iyanrìn á kọ́kọ́ bo ìsàlẹ̀, omi á lọ́ra, koríko á hù, koríko á mú iyanrìn sí i dúró. Àwọn tó wà ní ìdí ojú omi, níbi tó parí sí, ni yóò kọ́kọ́ ṣaláìrí omi. Nígbà tí wọn ò bá rí omi, wọn ò ní wá sí iṣẹ́ mọ́, wọn ò sì ní san owó. Iye ọwọ́ tó ń hú ẹrẹ̀ á dínkù, àwọn tó wà láàárín náà á tún padà sẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá kánáàlì kan ń kú, ẹ má wo orísun rẹ̀, ẹ lọ wo oko tó gbẹ̀yìn.

Báwo ni a ṣe ń hú u gan-an?

Ẹ jẹ́ kí òjò dá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá, kí kajú tó bẹ̀rẹ̀ sí í já, torí lẹ́yìn ìyẹn kò sẹ́ni tí ẹ máa rí kó jọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ilẹ̀kùn omi wà níkàáwọ́ rẹ̀ tì í, kí ìsàlẹ̀ gbẹ díẹ̀. Ẹ gé koríko, ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, torí èyí tí ẹ bá gé lórí nìkan, kò ní pẹ́ tí á fi hù padà.

Níbi iyanrìn ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi iṣẹ́ ṣe. Wọ́n á kó o jáde, wọ́n á dà á sí etí kánáàlì níbẹ̀ gan-an. Òjò àkọ́rọ̀ tó bá rọ̀, gbogbo rẹ̀ á padà sínú. Ẹ kó o kọjá sí ẹ̀yìn òkè etí omi, tàbí kí ẹ fi dí kòtò ọ̀nà oko.

Níbi tí kọnkéré bá ti sán, ẹ ha ìdọ̀tí inú ojú sísán náà kúrò dáadáa, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ tó fi sìmẹ́ńtì àti iyanrìn dí i. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn kan ló máa lò.

Ta ló ni kánáàlì náà? Ṣé a lè kàn wọ ibẹ̀?

Lower Niger River Basin Development Authority, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ìlọrin, ni ìjọba àpapọ̀ fi ṣe alábòójútó. Ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn omi, ẹ má sì lu etí kánáàlì láti fa omi sí oko ara yín. Ẹ kọ̀wé sí wọn pẹ̀lú ìbuwọ́lù àwọn ọba àti baálẹ̀, àwọn olórí àgbẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ sọ apá ibi tí ẹ fẹ́ ṣe, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ṣe é, àti ohun tí ẹ ń bẹ̀ wọ́n fún. Ẹ pa ẹ̀dà ìwé náà mọ́. Bébà kékeré ló gba Stratford là.

Màlúù àwọn darandaran ń fọ́ etí omi. Kí la fẹ́ ṣe sí i?

Òùngbẹ ló ń mú màlúù wá, kò sí òfin tó lè dá a dúró lóṣù kejì. Bí màlúù bá ti ń gba ibi gbogbo sọ̀kalẹ̀, etí omi á ya, á sì di ẹrẹ̀. Èyí tó dára ni kí a la ibì kan fún wọn jìnnà sí oko, kí a fi páìpù fa omi sí agbada sìmẹ́ńtì tí wọ́n á ti máa mu, kí a sì bá àwọn olórí wọn sọ ọ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú. Mo mọ̀ pé ọkàn ọ̀pọ̀ wa gbọgbẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tí oko wọn ti bàjẹ́ sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Síbẹ̀, agbada sìmẹ́ńtì kan á dín ìjà kù ju ọ̀pọ̀ ìpàdé lọ.

Ṣé àìsàn ò sí nínú rẹ̀?

Ó wà, kí a má tan ara wa. Ìgbín kéékèèké tó ń gbé inú omi tó lọ́ra, tó ní koríko, ló ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá. Ọmọ tó ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ má sọ fún un pé ó ń di géńdé, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, oògùn praziquantel wà fún un. Kánáàlì tó mọ́, tí omi rẹ̀ ń yára lọ, kì í fún ìgbín àti ẹ̀fọn láyè bíi ti kánáàlì tó kún fún koríko, nítorí náà híhú rẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlera. Kí àwọn tó ń hú u wọ bàtà rọ́bà gígùn àti ìbọ̀wọ́. Kí a má sì tọ̀ sínú rẹ̀.

Àwọn obìnrin ńkọ́?

Àwọn ni wọ́n ń pọnmi, tí wọ́n ń fọ ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń fọ aṣọ, àwọn sì ni wọ́n máa ń gbàgbé pè sí ìpàdé. Bí a kò bá ṣe àtẹ̀gùn sí etí kánáàlì fún wọn, wọ́n á la ọ̀nà tiwọn, etí omi á sì ya. Kí wọ́n wà nínú ìgbìmọ̀, kí ọ̀kan nínú wọn sì di owó mú.

Kí la lè ṣe lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀, láìdúró de owó ńlá?

Ẹ yan ojú omi kékeré kan, kí ẹ má mú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ rìn ín láti orísun dé òpin pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ tó ń lò ó, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni oko kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò ibi tó bàjẹ́. Ẹ pín ojú omi náà ní ìwọ̀n mítà tí oko oníkálukú gbà, kí oníkálukú hú tirẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀wẹ̀ ran opó àti arúgbó lọ́wọ́. Ẹ fi ẹni tó wà ní ìdí gan-an ṣe alága, torí bí omi bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti kọjá lọ́dọ̀ gbogbo ènìyàn. Kí ọjọ́ omi jẹ́ títò: òní fún apá òkè, ọ̀la fún àárín, ọ̀túnla fún ìdí. Kí ẹ sì dá owó díẹ̀ lẹ́yìn ìkórè kọ̀ọ̀kan, fún sìmẹ́ńtì àti ọkọ́ ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò.